Ẹ́ńjìnnì alábùkù, owó mọ́tò asáré tó ń já: ìbéèrè àti ìdáhùn fún olùrà àti olùtà n'Íbàdàn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó rí Porsche, BMW M, RX-8 tàbí SLK kan lówó pọ́ọ́kú tí ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ó tún wà fún ẹni tó ń ta irú ẹ̀ tí gbogbo olùrà ń wò ó bí aláìsàn. Àpẹẹrẹ lásán ni iye náírà tó bá wà nínú ìdáhùn wa. Iye ọjà kì í dúró sójú kan.

Porsche Boxster ọdún 2003 kan wà ní Ríìngì Róòdù, owó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Corolla lọ. Kí ló ṣe é?

Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe é. Orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì M96 ló wà nínú Boxster (986) àti 911 (996) tí wọ́n ṣe láti bí ọdún 1997 sí 2005. Ọ̀pá kan wà nísàlẹ̀ kíráńkì rẹ̀ tó ń wa ṣéènì àwọn kámú (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), bẹ́árìn kékeré kan ló sì gbé ìdí ọ̀pá yẹn dúró níhà ibi tí fìláíwíìlì wà. IMS (intermediate shaft) ni wọ́n ń pe ọ̀pá náà. Gíríìsì ló wà nínú bẹ́árìn náà látilẹ̀, wọ́n sì dé e lẹ́nu pa kí ọ́ìlì má wọ ibẹ̀. Bọ́dún bá ti ń gorí ọdún, ọ́ìlì á yọ́ wọlé, á fọ gíríìsì dànù, kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Ọ́ìlì tó ti gbó yẹn ni àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á máa yí nínú rẹ̀ títí wọ́n á fi họ. Ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ṣéènì á fò, písítìnì á forí gbá fáàfù. Àtúnṣe kékeré ò sí fún èyí tó bá ti débẹ̀.

911 Turbo àti GT3 ìgbà yẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì míì ló wà nínú wọn. Porsche tó jáde láti ọdún 2009 ò ní bẹ́árìn yẹn rárá.

Ṣé gbogbo wọn ló máa bàjẹ́ ni?

Rárá o. Àwọn oní-Porsche pe ẹjọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2013 fún àwọn ọkọ̀ ọdún 2001 sí 2005. Iye tó jáde nínú ẹjọ́ náà ni pé bẹ́árìn tó ní ìlà bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, tó wọ́pọ̀ láti bí ọdún 2000 sí 2005, ń bàjẹ́ nínú bí ọkọ̀ 8 nínú 100. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, tó ní ìlà méjì, ò ju bí 1 nínú 100.

Nínú ọgọ́rùn-ún, ó kù bíi méjìléláàádọ́rùn-ún tí nǹkan kan ò ṣe. Ṣùgbọ́n ìka kan ló tọ́ epo, ó ti ran ìyókù. Olùrà ò lè fojú rí bẹ́árìn yẹn láìsọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, torí náà ó ń dín owó gbogbo wọn bí ẹni pé tirẹ̀ ló máa bàjẹ́ lọ́la. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń darí gbogbo iye tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu alágbàtà: àìmọ̀ ni ọjà ń dín owó fún ju àbùkù fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí lé àìmọ̀ yẹn lọ á gba owó tó pọ̀ jù padà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é á tà á lọ́pọ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tiẹ̀ dára ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ohun kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: mọ́tò tí wọ́n kàn gbé sábẹ́ ibòrí, tí wọn ò wà ju ọjọ́ Sátidé lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n ń wà lójoojúmọ́. Nínú èyí tó dúró, ọ́ìlì ò yí, omi tó dì sínú rẹ̀ ò sì gbóná débi tó máa fi gbẹ. Ẹ má jẹ́ kí "kìlómítà rẹ̀ kéré" pa yín lọ́kàn dà.

Yàtọ̀ sí Porsche, èwo ló tún ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ń wọlé síbí?

BMW M3 ẹ́ńjìnnì V8 (S65, bí 2007 sí 2013) àti M5 ẹ́ńjìnnì V10 (S85, 2005 sí 2010). Bẹ́árìn kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì) ni ìṣòro wọn. Àlàfo tó wà láàárín bẹ́árìn àti kíráńkì há, ọ́ìlì 10W-60 tí wọ́n ń lò sì ki nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹni tó bá sítáàtì láàárọ̀ tó tẹná mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀ ló ń jẹ bẹ́árìn náà tán díẹ̀díẹ̀. Àwo bẹ́árìn 16 ló wà nínú V8, 20 nínú V10. Wọ́n máa ń yí wọn láti ìsàlẹ̀: wọ́n á sọ férémù iwájú àti sọ́ǹpù (abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) kalẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bóòtù kọ́nrọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí à ń lò lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì tó bá ní òun á dá ti tẹ́lẹ̀ padà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tún ka mọ́tọ́ọ̀ kékeré méjì tó ń ṣí afẹ́fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn, torí àwọn náà máa ń kú.

BMW 335i ọdún 2007 sí 2010 àti 135i (N54): pọ́ǹpù pẹtiróòlù alágbára, tí BMW fúnra rẹ̀ pe ọkọ̀ padà fún ní Amẹ́ríkà ní 2010, pọ́ǹpù omi oníná, àti ariwo ìrìn-tìn-tìn láti tọ́bò. Èyí kì í sábà pa ẹ́ńjìnnì. Àpò yín ló ń pa.

Mazda RX-8. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní písítìnì, rótọ̀ méjì onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀. Síìlì tó wà ní orí igun kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ tán. Bí ó bá ti jẹ tán, mọ́tò á sítáàtì dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n bó bá gbóná tí ẹ pa á nílé epo, á kọ̀ láti jí. Mazda fi kún ọdún ìdánilójú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí dé ọdún 8 nítorí èyí. Ó ń mu ọ́ìlì bí wọ́n ṣe dá a. Ẹni tí kì í wo ọ́ìlì ní gbogbo ìgbà tó bá ra epo, kó má rà á.

Nissan 350Z ọdún 2007 sókè àti 370Z: gásíkẹ́ẹ̀tì pépà kan wà lẹ́yìn ìdérí ṣéènì tó máa ń ya, tí puréṣọ̀ ọ́ìlì á sì máa já bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Gásíkẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀ ò wọ́n, iṣẹ́ títú iwájú ẹ́ńjìnnì ló wọ́n. 350Z oní-gíá ọwọ́ ti ọdún 2005 àti 2006 ní tirẹ̀ lè mu ọ́ìlì. Ire tó wà níbẹ̀ ni pé irú ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú Infiniti G35, G37 àti FX35, àwọn mẹkáníìkì ní Géètì sì ti ń tú u tipẹ́.

Mercedes SLK350 tí wọ́n ṣe títí dé bí 2008 (M272): eyín gíá kan lórí ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù máa ń jẹ. Ṣéènì á dára, gíá á ti jẹ, kámú ò ní sí níbi tó yẹ kó wà, iná ẹ́ńjìnnì á tàn. Kí wọ́n tó yí gíá yẹn, odidi ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì: èyí tí nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn rẹ̀ kò bá ju 468993 lọ wà lára àwọn tó lè ní in. Ohun kan náà ló wà nínú C350 àti E350 ìgbà yẹn.

Camaro V6 ọdún 2010 àti 2011: ṣéènì mẹ́ta tó máa ń fà, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti ń pẹ́ kí wọ́n tó yí ọ́ìlì. Kóòdù P0008, P0009, tàbí P0016 sí P0019 ló máa ń jáde bí wọ́n bá so skánà (ẹ̀rọ tó ń ka àbùkù inú kọ̀ǹpútà mọ́tò) mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ọjà gbàǹjo Amẹ́ríkà, torí náà ẹ wo ara mọ́tò náà bí ẹ ṣe ń wo ẹ́ńjìnnì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọdún tí wọ́n ṣe é gan-an?

VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò) ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Lára èyí tó wá láti Amẹ́ríkà, ìkẹwàá ni ọdún mọ́dẹ́ẹ̀lì: 5 ni 2005, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn. Bí méjèèjì ò bá jọra, ẹ máa lọ. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ fi VIN rẹ̀ sínú ojú ìwé NHTSA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kìkì ìpè-padà tí wọn ò tíì ṣe ló máa gbé jáde, torí náà òfìfo níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ìpè-padà kankan ò tíì wáyé rí.

Ọdún tí alágbàtà bá pè kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n máa ń fi iná iwájú tuntun sọ ọdún 2006 di 2010.

Kí ló dé tí owó wọn fi ń já n'Íbàdàn ju bó ṣe ń já lókè òkun lọ?

Pẹ́ẹ̀tì (ẹ̀yà ara mọ́tò) ni kókó. Ẹ lọ sí Àràrọ̀mí ní Géètì kí ẹ béèrè bẹ́árìn Camry, á tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó pari gbólóhùn. Ẹ béèrè ti BMW M3 V8 (S65), wọ́n á wò yín, wọ́n á pe ẹnì kan ní Ládípò l'Ékòó, ẹni yẹn náà á pe Dubai. Dọ́là ni wọ́n á sì fi sọ iye rẹ̀. Ohun tó jẹ́ dọ́là 1,000 ò ju bíi ₦460,000 lọ ní ìṣirò ìjọba ní oṣù karùn-ún 2023; lẹ́yìn tí wọ́n jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà ọdún náà, ó di nǹkan tó lé ní ₦1,400,000 láàárín ọdún kan ààbọ̀. Owó mọ́tò gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àtúnṣe sáré kọjá rẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì ni olùrà ń yọ kúrò lára ohun tó máa san.

Pẹtiróòlù ni èkejì. Oríṣi kan ṣoṣo ló wà nílé epo wa, àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí sì ń fẹ́ èyí tó ga jù. Kọ̀ǹpútà inú wọn á dín agbára kù kó má baà nọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ó níbi tó lè dín in dé. Ẹ fi oòrùn oṣù kejì kún un, kí ẹ fi wákàtí kan nínú gósílò Ìwó Róòdù lé e.

Àwọn olùrà náà ò pọ̀. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà kí mọ́tò àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ wọlé mọ́, torí náà èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ń sọ yìí ló ti ṣe ọdún púpọ̀ lórí títì wa. Ẹni tó fẹ́ tòkúnbọ̀ ò ní wò ó. Ẹni tó kù ni ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, irú wọn sì mọ gbogbo àbùkù rẹ̀ lórí.

Iye wo ló yẹ kí n san?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí iye èyí tó dára tí ẹ̀rí wà fún. Ká ní ó jẹ́ ₦18 mílíọ̀nù. Ká ní àtúnṣe àbùkù náà, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ òfúrufú àti owó iṣẹ́, jẹ́ ₦3 mílíọ̀nù. Ká ní ẹ́ńjìnnì àlòkù odidi pẹ̀lú gbígbé e wọlé jẹ́ ₦7 mílíọ̀nù.

Mọ́tò tó ní ìwé pé wọ́n ti ṣe é: ₦17 sí ₦18 mílíọ̀nù, ẹ má bá a fà á jù. Mọ́tò tí wọn ò tíì ṣe, ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò fi hàn pé ara rẹ̀ dá: 18, ẹ yọ 3, ẹ tún yọ ìdajì mílíọ̀nù fún tówìn, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mọ́tò máa fi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì àti fún ohun tí wọ́n máa bá níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ó kù ₦14.5 mílíọ̀nù. Mọ́tò tí olùtà ò jẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò: 18, ẹ yọ 7, ó kù 11. Bí ó bá bínú, kó bínú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn rí ₦14.5 mílíọ̀nù kó sọ pé òun ti jèrè ₦3.5. Owó yẹn kì í ṣe èrè, owó àtúnṣe tó ṣì wà lọ́wọ́ yín ni. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ra mọ́tò náà. Ẹni tó bá fi ra ríìmù àti ẹ̀rọ orin á padà wá tà á ní iye 11.

Kí ni mo máa ṣe lọ́jọ́ àyẹ̀wò?

Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì sọ fún olùtà pé kó má sítáàtì rẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti sún un jí kí ẹ tó dé, ó sì ní ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ yọ ọ̀pá ọ́ìlì níbi tó bá ní, ẹ wo bó ṣe kún tó àti àwọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì sítáàtì, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà. Èéfín búlúù tó jáde lẹ́ẹ̀kan tó sì lọ lára Porsche kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ni ọ̀rọ̀. Ẹ fi ìka nu inú ẹnu sàlẹ́ńsà méjèèjì: bí ọ̀kan bá dúdú kìjikìji tí ìkejì sì mọ́, ó ṣeé ṣe kí ògiri sìlíńdà lápá kan ti họ, èyí tó jẹ́ àrùn 911 àti Cayman S títí dé 2008. Ariwo tí-kí-tí-kí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọ́ìlì tí kò tíì débẹ̀. Ohùn tó jinlẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń tẹná, bẹ́árìn kọ́nrọ́ọ̀dù nìyẹn. Ẹ má wà á kúrò níbẹ̀.

Bó bá pé ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ so skánà mọ́ ọn. Ẹ má kàn ka kóòdù. Ẹ wo apá tó ń sọ bóyá àwọn àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ti parí. Bí ọ̀pọ̀ bá wà níbẹ̀ tí kò tíì parí, wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ láìpẹ́, tàbí wọ́n yọ bátìrì. Lẹ́yìn náà ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí gígun òkè Mọ́kọ́lá wà nínú rẹ̀ àti ìwọ̀nba gósílò Dùgbẹ̀, kí ẹ tó dé ibi tó tẹ́jú lẹ́yìn Tóòlù Géètì. Ẹ padà, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún sítáàtì rẹ̀. RX-8 tó bá ń fà kó tó jí nígbà tó gbóná ti ń sọ ìyókù ọjọ́ ayé rẹ̀ fún yín. Fún 350Z àti 370Z, ẹ ní kí wọ́n so géèjì puréṣọ̀ ọ́ìlì mọ́ ọn nígbà tó gbóná tó sì ń sìló. Èyí tó bá sún mọ́ 15 psi tàbí kò tó o, gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi géèjì kọ́npúrẹ́ṣọ̀n lásán wọn RX-8. Rótọ̀ kan ní ojú mẹ́ta, géèjì lásán á mú èyí tó ga jù nínú wọn nìkan, á sì pa irọ́ fún yín. Ó ní ẹ̀rọ tirẹ̀, òǹkà mẹ́fà ló sì gbọ́dọ̀ mú wá. Ìwọ̀n tó kéré jù tí Mazda gbà ni 680 kPa bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú kan.

Wọ́n ní kí n wo fíítà ọ́ìlì. Kí ló wà níbẹ̀?

Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe láìtú ẹ́ńjìnnì, òun ló ń sọ òtítọ́ jù, iye rẹ̀ ò sì ju ti fíítà tuntun lọ. Ẹ bẹ olùtà pé kí ẹ sanwó ọ́ìlì àti fíítà fún un.

Fíítà Porsche àti BMW jẹ́ pépà tó wà nínú ìdérí tó ń ṣí. Ẹ fi bíléèdì gé pépà náà kúrò lára egungun rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ fún ọ́ìlì inú rẹ̀ dànù, kí ẹ nà án sílẹ̀ bí aṣọ lórí páálí funfun, nínú oòrùn. Ti Nissan àti Mazda wà nínú agolo. Ẹ fi ọ̀bẹ agolo ṣí i, ẹ má fi ayùn irin gé e, torí èérún irin á já sínú rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó ti inú ẹ́ńjìnnì wá mọ́.

Ẹ wá yí orí yín díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn lè ta bá àwọn ìṣẹ́po pépà náà. Pépà tó dára dúdú rúsúrúsú, kò sì dán. Bí ohun tíntìntín bá ń tàn yinrin-yinrin, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ wé nínú nylon fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ irin: bọ́ọ̀lù bẹ́árìn, ṣéènì tàbí gíá. Ohun tó kọ̀ tí kò lẹ̀, tó pẹlẹbẹ, tó ní àwọ̀ bàbà tàbí fàdákà rírọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara bẹ́árìn kọ́nrọ́ọ̀dù. Èérún ike líle jẹ́ ohun tí ṣéènì ń fara gbá. Ẹyọ kan tàbí méjì tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ lára mọ́tò tó ti rin 120,000 kìlómítà ò yẹ kó lé yín lọ. Bí ẹ bá lè kà á dé ogún, ẹ má rà á, àfi bí ẹ bá ń rà á ní iye mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì.

Bí ọ́ìlì bá mọ́ bí oyin, àná ni wọ́n yí i. Fíítà yẹn ò ní sọ ohunkóhun. Ẹ wò ó bíi mọ́tò tí wọn ò jẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò.

Olùtà ní "wọ́n ti ṣe é." Ẹ̀rí wo ni kí n béèrè?

Rìsíìtì tó ní VIN mọ́tò náà, iye kìlómítà ọjọ́ yẹn, nọ́ńbà pẹ́ẹ̀tì àti iye rẹ̀. Àwòrán nígbà tí wọ́n tú u, tí férémù tàbí nọ́ńbà mọ́tò hàn nínú rẹ̀. Pẹ́ẹ̀tì tó ti gbó nínú nylon. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn kì í jù ú nù. Nọ́ńbà mẹkáníìkì tó ṣe é, kí ẹ pè é, kí ẹ bi í pé irinṣẹ́ wo ló fi di kámú mú nígbà tó yọ bẹ́árìn IMS. Ẹni tó ṣe é rí á dáhùn láìronú. Ẹni tí kò ṣe é á bi yín pé ta ni yín.

Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n yí pẹ̀lú rẹ̀. Torí pé gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ tó dé IMS, ẹni tó gbọ́n máa ń yí kílọ́ọ̀ṣì àti síìlì ẹ̀yìn kíráńkì papọ̀. Bí rìsíìtì bá ní bẹ́árìn nìkan, tí kílọ́ọ̀ṣì ti ọdún 2003 ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìlọ́po méjì ń bọ̀ wá bá yín.

Wọ́n ní kí n kàn ra ẹ́ńjìnnì Bẹ́líjíọ̀mù sí i. Ṣé ó dáa?

Àbùkù kan náà ló wà nínú ti Bẹ́líjíọ̀mù, ẹ ò sì mọ bí wọ́n ṣe lò ó. Ṣùgbọ́n bó bá ti wà nílẹ̀, tí kò tíì wọ mọ́tò, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn jù lọ. Ẹ ṣí sọ́ǹpù rẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ yí bẹ́árìn tàbí gíá tó ń yọni lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e wọlé. Mẹkáníìkì tó bá ní "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú mọ́tò" ń wá owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ẹ lọ tún nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ṣe nínú ìwé mọ́tò, torí olọ́pàá àti olùrà tó ń bọ̀ á béèrè.

Ọ́ìlì tó ki tàbí oògùn inú agolo ńkọ́?

Ó ń pa ohùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dà á sí i kí wọ́n tó tà á. Kò tún nǹkan kan ṣe. Lára ẹ́ńjìnnì RX-8, tó ń jó ọ́ìlì tirẹ̀ mọ́ pẹtiróòlù, ó tún ń ba pọ́lọ́ọ̀gì jẹ́.

Èmi ni mo ni ín. Ṣé kí n tún un ṣe kí n tó tà á, àbí kí n tà á bẹ́ẹ̀?

Ẹ padà sí ìṣirò òkè. Láàárín mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ (11) àti èyí tó ní ìwé (17), mílíọ̀nù mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àtúnṣe sì jẹ́ mẹ́ta. Ó tọ́ kí ẹ ṣe é, bí ẹ bá máa tọ́jú ìwé. Àtúnṣe láìsí ìwé dà bí ìgbà tí ẹ ò ṣe é lójú olùrà. Bí owó ò bá sí, ẹ gé fíítà síwájú olùrà fúnra yín. Owó tí ìyẹn máa gbà padà fún yín ju ti fífọ ẹ́ńjìnnì kó máa dán lọ.

Bó bá ti ń nọ́ọ̀kì, ẹ má tún un ṣe fún títà. Ẹ pa á, ẹ má tún sítáàtì rẹ̀ mọ́, kí kíráńkì má baà bàjẹ́ pẹ̀lú. Ẹ sọ ohun tó ṣe é fún olùrà, kí ẹ sì ṣírò ohun tí ìyókù ara rẹ̀ máa mú wá: iná iwájú, gíábọ́ọ̀sì, àga, ilẹ̀kùn, bíréèkì ńlá iwájú. Iye tí àwọn tó ń tú mọ́tò tà bá kọ́kọ́ pè máa ń kéré gan-an sí iye yẹn.

Ẹ kọ àbùkù náà sórí ìwé títà kí olùrà fọwọ́ sí i. Ẹni tó fi irọ́ tà á lè bá ẹjọ́ pàdé, ìwé yẹn ló sì ń gba olùtà tó sòótọ́ sílẹ̀.

Ìpè-padà àti owó ẹjọ́ Amẹ́ríkà, ṣé ó lè kàn mí?

Ẹ má fi ṣe ìṣirò. Ọjọ́ orí àti kìlómítà tí wọ́n dá sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kọjá.

Ṣé owó wọn lè tún gòkè?

Lókè òkun, owó Porsche 911 (996) ti gbéra nílẹ̀ láti ọdún mélòó kan, pàápàá èyí tó ní gíá ọwọ́ tí wọ́n ti yí bẹ́árìn IMS rẹ̀. M3 V8 oní-gíá ọwọ́ náà ń wọ́n. Níbí, ẹ má fi ṣe owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó máa san iye yẹn fún yín n'Íbàdàn, ẹ lè wá a fún ọdún kan gbáko.

Mi ò fẹ́ wàhálà. Èwo ni kí n rà?

Lexus IS350. Kì í ṣe spọ́ọ̀sì káà gidi lójú àwọn onífàájì, ṣùgbọ́n ó ń sáré, ẹ ò sì ní pe Dubai kí ẹ tó rí pẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó bá jẹ́ Porsche dandan, ẹ fi owó kún un kí ẹ ra ti 2009 sókè.

Alágbàtà ní kí n san owó àsansílẹ̀ kí ẹlòmíì má rà á kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Irú mọ́tò tí a ń sọ yìí kì í yá tà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ san án, kó má ju ₦100,000 lọ, kí rìsíìtì náà ní VIN, ọjọ́ àyẹ̀wò, àti gbólóhùn pé owó á padà sọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan náà bí irin bá wà nínú fíítà.